Kòkòrò Tó Ń Sùn Nínú Ara

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, lóṣù yìí a ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn àrùn tó ń kọlu ọpọlọ àti iṣan nígbà tí agbára ara bá ti dínkù.

Ẹni tí chickenpox bá ti ṣe rí, kòkòrò rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́. Inú gbòǹgbò iṣan ló ń sùn sí. Bí ọjọ́ orí, HIV tàbí oògùn jẹjẹrẹ bá sọ ara di aláìlágbára, ó lè jí. Ara á kọ́kọ́ máa ta èèyàn bí iná, lẹ́yìn náà ìléròrò á yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Shingles ni àwọn dókítà ń pè é. Bó bá yọ sójú, ó lè fọ́ ojú. Ó sì lè wọ ọpọlọ. Oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin wákàtí 72. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló ṣe, ó yẹ kó ṣe àyẹ̀wò HIV. Kí a fi aṣọ bo ìléròrò náà, kí aláboyún àti ọmọ ọwọ́ sì jìnnà sí i títí yóò fi gbẹ.

Òmíràn ni kòkòrò JC. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló gbé e lára láìmọ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí HIV ti gba agbára rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ jẹ́: apá kan á rọ, ọ̀rọ̀ á lọ́, ìwà á yí padà. Kò tíì sí oògùn tó ń pa á. Oògùn HIV tó ń dá agbára ara padà ni ìrètí.

Nínú ìdílé wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àlùjọ̀nnú la máa ń kọ́kọ́ pè é. Aláìsàn á máa mu hàǹtú, ọjọ́ á sì máa lọ. Àdúà dára, a kò ní fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ànábì wa pàṣẹ pé ká wá ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe àdúà náà lójú ọ̀nà ọsibítù.

Bí Rámádánì bá dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn HIV dúró. Kó bi dókítà rẹ̀ bóyá òun lè máa lò ó nígbà sààrì tàbí ìṣínu. Ẹni tí ààwẹ̀ bá lè pa lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un láti jẹun, kó sì san án padà nígbà tí ara bá yá.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.