Ẹ̀kọ́ Lórí Àgbègbè Champaran ní Ilẹ̀ Íńdíà



Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, ó mọ́ wa lára láti kọ orúkọ àwọn odò, àwọn òkè àti àwọn irè oko sára pátákó, kí àwọn ọmọ sì kọ́ wọn sórí. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Lẹ́yìn tí a bá ti sọ ohun tí ilẹ̀ kan ń mú jáde, ó yẹ kí a tún béèrè pé: ta ni ó ń pàṣẹ ohun tí a ó gbìn síbẹ̀, ta ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀? Mo yan àgbègbè kan ní Íńdíà, Champaran ni orúkọ rẹ̀, láti fi hàn pé ẹni tí kò bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò tí ì mọ ilẹ̀ náà.

Bí ilẹ̀ náà ti rí

Champaran wà ní igun àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Bihar. Orílẹ̀-èdè Nepal ni ó bá a pààlà ní àríwá. Odò Gandak, tí ó ń ṣàn bọ̀ láti àwọn òkè Himalaya, sì gba ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kọjá. Ní ìhà àríwá pátápátá ni àwọn òkè kéékèèké àti igbó wà, níbi tí àwọn ẹkùn ilẹ̀ Íńdíà, tí ara wọn ní ilà dúdú, ń gbé títí di òní. Bí a bá ti ń lọ sí gúúsù, ilẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò ń gbé wá láti orí òkè ni ó sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Òjò ńlá a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Júùnù títí di oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Bí ó bá sì pọ̀ jù, odò a kún bo oko àti ilé. Ìrẹsì, àlìkámà, àgbàdo àti ìrèké ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Bhojpuri ni èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ.

Àṣẹ ọba Ashoka

Àgbègbè yìí kì í ṣe ilẹ̀ tuntun. Ní ọ̀rúndún kẹta kí a tó bí Jésù, ọba Ashoka gbé àwọn ọ̀wọ̀n òkúta gíga nàró níbẹ̀, ó sì mú kí a fín àṣẹ rẹ̀ sára wọn. Ọ̀kan wà ní Lauriya Nandangarh, òmíràn ní Lauriya Areraj. Nínú àṣẹ wọ̀nyí, ọba bá àwọn ìjòyè tí ó fi ṣe olórí àwọn ará oko sọ̀rọ̀. Ó ní bí ènìyàn ti ń fi ọmọ rẹ̀ lé alágbàtọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun fi àwọn ará oko lé àwọn ìjòyè náà lọ́wọ́ fún àlàáfíà wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ìwọ̀n tí a ó fi wọn àwọn aláṣẹ tí ó jẹ lẹ́yìn náà.

Ìṣàkóso lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1765, ẹgbẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ láti máa gba owó-orí ilẹ̀ Bengal àti Bihar. Ní 1793 wọ́n ṣe òfin pé àwọn onílẹ̀ ńlá, tí à ń pè ní zamindar, ni yóò máa san iye owó kan tí kì yóò yí padà fún ìjọba, tí àwọn náà yóò sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní Champaran, ìdílé ọba Bettiah ni ó ni apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Ní 1866 ni ìjọba ya Champaran kúrò lára Saran, tí ó fi di àgbègbè fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ ní ìlú Motihari. Iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀ yìí: òun ni olórí agbowó-orí, òun náà sì ni adájọ́ fún ọ̀ràn ìlú. Láàrin Ajẹ́lẹ̀ àti àgbẹ̀ ni onílẹ̀ wà. Láàrin onílẹ̀ àti àgbẹ̀ sì tún ni àwọn Òyìnbó olóko aró wà, tí wọ́n háyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé lọ́wọ́ onílẹ̀. Gbogbo wọn ni ń jẹun lára àgbẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀ràn aró

Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀lú àti aró tí àwọn ìyá wa ń rẹ. Ewéko tí wọ́n ń lò ní Íńdíà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwa, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ni. Àwọn olóko a kó o sínú àgbá ńlá tí a fi bíríkì mọ, wọn a rẹ ẹ́, wọn a sì lu omi rẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò fi sílẹ̀, tí wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ di ìṣù fún títà ní Yúróòpù.

Àdéhùn tí wọ́n fi de àwọn àgbẹ̀ ni à ń pè ní tinkathia. Bigha ni orúkọ ìwọ̀n ilẹ̀ wọn; katha 20 ni ó wà nínú bigha 1. Nínú katha 20 yìí, àgbẹ̀ gbọdọ̀ gbin aró sí 3. Ṣáájú 1868, 5 ni. Ẹnìkan lè wí pé 3 nínú 20 kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó dára jù nínú oko ni olóko yóò yàn. Òun ni yóò dá iye owó lé e, owó náà kò sì tó làálàá àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ yóò rí ìjà.

Ní 1897, àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi ọgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe láìlo ewé. Iye owó aró ewé já wálẹ̀. A rò pé èyí yóò tú àgbẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olóko di àdánù náà rù ú. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n san owó gọbọi kí a tó tú wọn sílẹ̀ nínú àdéhùn. Ti àwọn mìíràn, wọ́n bù kún ìṣákọ́lẹ̀ wọn.

Ìwádìí ọdún 1917

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1916, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Raj Kumar Shukla lọ bá Mohandas Gandhi ní Lucknow, ó sì ń tẹ̀lé e kiri títí ó fi gbà láti wá. Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Gandhi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ rí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olóko, ó sì lọ rí ọ̀gá àwọn Ajẹ́lẹ̀ ní Muzaffarpur kí ó tó dé Motihari ní oṣù Épírì 1917. Wọ́n pàṣẹ fún un pé kí ó kúrò ní àgbègbè náà. Ó kọ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ó dúró níwájú adájọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni òun kò ṣe bí a ti wí. Láìpẹ́ ìjọba fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn.

Nígbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gandhi àti àwọn agbẹjọ́rò Bihar, tí Rajendra Prasad wà lára wọn, jókòó, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ oníkálùkù fínnífínní. Èyí tí kò bá dúró ṣinṣin, wọn a fi í sílẹ̀. Ní oṣù Júùnù, ìjọba yan ìgbìmọ̀, wọ́n sì fi Gandhi fúnra rẹ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ náà ní kí àwọn olóko dá ìdá 25 nínú 100 owó ìtúsílẹ̀ náà padà. Òfin ọdún 1918 sì fi òpin sí tinkathia.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́

Ibi tí ó kan àwa olùkọ́ nìyí. Gandhi rí i pé òfin nìkan kò tó. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1917 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní Barharwa Lakhansen àti ní Bhitiharwa, àti òmíràn ní Madhuban ní oṣù Jánúárì 1918. Àwọn ará abúlé kò lè san owó, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún olùkọ́ ní oúnjẹ àti ibùgbé. Àwọn olùkọ́ ń kọ́ni ní ìwé, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìmọ́tótó. Òògùn mẹ́ta péré ni ó wà lọ́wọ́ wọn: òróró lárà, kùnínì àti ìkunra imí-ọjọ́. Ní abúlé kékeré kan nítòsí Bhitiharwa, nígbà tí Kasturba, aya Gandhi, béèrè ìdí tí obìnrin kan kò fi fọ aṣọ rẹ̀, obìnrin náà mú un wọ inú ahéré, ó sì fi hàn án pé aṣọ kan ṣoṣo tí ó wà lára òun ni òun ní. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́ tí ó bá ń yára láti bá ọmọ wí. Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn olùrànlọ́wọ́ náà kò lè pẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì gbilẹ̀ bí Gandhi ti fẹ́.

Champaran lóde òní

Òfin ọdún 1950 mú àwọn zamindar kúrò ní Bihar. Láàrin 1971 sí 1972, wọ́n pín Champaran sí méjì: ti Ìlà-Oòrùn, Motihari ni olú ìlú rẹ̀, ti Ìwọ̀-Oòrùn, Bettiah ni tirẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí àwọn ará abúlé dìbò yàn wà pẹ̀lú. Láti 2006 ni òfin sì ti ya ìdajì àwọn ipò ìgbìmọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, ènìyàn tí ó ju 5,000,000 ni ó wà ní ti Ìlà-Oòrùn, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000,000. Nínú 100 ènìyàn tí ó ti tó ọmọ ọdún 7, bí 56 péré ni ó mọ̀ ọ́n kọ tí ó sì mọ̀ ọ́n kà.

Bí a ó ti kọ́ ọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà àti odò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ya àpótí 20 sára pátákó, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kan kun 3 nínú wọn ní àwọ̀ aró. Kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé, Ta ni ó yan mẹ́ta yìí? Bí wọ́n bá lè dá yín lóhùn, wọ́n ti mọ ilẹ̀ náà, wọ́n ti mọ ìtàn rẹ̀, wọ́n sì ti mọ ìṣàkóso rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.