Ìwọ̀n Ọtí àti Ìwọ̀n Ìlù Níbi Àríyá



Kò sí ọmọ Ìbèṣè, tàbí ọmọ ìlú mìíràn létí ọ̀sà láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, tí kò mọ̀ pé ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà kì í sábà lọ láìsí ohun mímu àti ìlù. Ọtí wà lára ohun tí a fi ń tọrọ ìyàwó, ọtí ni a fi ń bẹ àgbà. Ìlù ni ó sì ń ki ẹbí, tí ó ń pe olúkúlùkù ní orúkọ àwọn baba rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lónìí nítorí àríyá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ní: ta ni ó ń fi ìwọ̀n sí i?

Ẹ wo bí àwọn baba wa ti ń mu ẹmu. Ohun tí ó bá ro sínú akèrègbè lórí ọ̀pẹ ni a ó mu lọ́jọ́ náà. Ẹmu tí ó dùn ní òwúrọ̀ ti le ní ìrọ̀lẹ́; bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti ń kan. A kò lè tò ó jọ sínú yàrá di ọ̀sẹ̀ kejì. Igbá kan ni ó ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọdé ni ó ń bù ú, àgbà ni a sì ń kọ́kọ́ fún. Ọ̀mùtí wà nígbà náà pẹ̀lú, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orin. Nígbà tí Túndé King ń kọ orin jùjú ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1939, irin-iṣẹ́ olókùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú pẹ̀lú ohùn ẹnu ni ohun ìní ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá àlejò ni wọ́n ti ń ṣeré fún àwọn ènìyàn díẹ̀. Ẹni tí ó jókòó nítòsí lè gbọ́ orin, kí ó sì tún gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ.

Ní ọdún 1949, ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìpọntí ní Èkó. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá àti gítà oníná bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. A kò sọ pé ohun méjèèjì yìí burú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òdiwọ̀n tí ọ̀pẹ àti ọ̀nà ọ̀fun ń fi lélẹ̀ ti lọ. Ìgò kì í kan ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ kì í sì í há lóhùn. Bí òdiwọ̀n yóò bá tún wà, inú ọkàn wa ni yóò ti wá. Ìwà rere yìí ni Ìjọ Mímọ́ ń pè ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó sì kà á mọ́ àwọn ìwà mẹ́rin tí ó jẹ́ òpó fún gbogbo ìwà yòókù.

Ohun tí kò ní òdiwọ̀n lè pani. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní ilẹ̀ Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn ènìyàn ṣàdédé ń kú. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣókùnkùn. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò, a rí i pé oró tí à ń pè ní mẹ́táńọ̀lù wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers ní ọdún kan náà. Ahọ́n kò lè ya oró náà sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí.

Kí ni Ìwé Mímọ́ wí? Ìwé Síráàkì kọ́ wa pé ọtí tí a mu níwọ̀n, ní àkókò rẹ̀, jẹ́ ayọ̀ ọkàn. Èyí tí ó bá sì kọjá ìwọ̀n ń bí ìjà. Ó fi orin níbi àsè wé òkúta iyebíye tí a tò sínú wúrà, ó sì kìlọ̀ fún àgbà pé kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ dí orin lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ náà kan tọmọdé tàgbà! Àpérò Vátíkánì Kejì pẹ̀lú, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn mímọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn, kí a sì fún un ní ipò tí ó yẹ ẹ́.

Ẹ tún rántí Kánà ti Gálílì. Olúwa wa kò kọ ìpè sí ìgbéyàwó, ó sì sọ omi ìkòkò òkúta mẹ́fà di ọtí. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́? Màríà Mímọ́ ni. Kò béèrè ohunkóhun fún ara rẹ̀. Ìtìjú tí ó fẹ́ bá onílé ni ó rí. Ojú tí ó ń wo onílé, tí kì í wo ife tirẹ̀, òun gan-an ni òdiwọ̀n tí à ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú náà lọ síbi ìnáwó wa. Bí ọkọ bá kú, kí a tó pe ẹgbẹ́ olórin, kí a tó ra páálí ọtí, ẹ jẹ́ kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ opó ohun tí ó kù nínú ilé, àti bí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti rí. Bí a bá gbé omi tàbí ohun mímu tí kò ní ọtí ka iwájú ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí a gbé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ jẹ́ kí a rẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tí àgbà bá ń súre, kí a sì pa á nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú jìnnà, nítorí aláìsàn lè wà lẹ́yìn ògiri. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀, ìbáà ṣe ti orí ilẹ̀ tàbí ti ojú omi, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ọtí rárá. Ẹ̀mí ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ó ti tú àgọ́, a ó ti kó àga padà fún àwọn tí ó ni ín, àlejò yóò sì ti lọ. Opó nìkan ni yóò kù, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ àti gbèsè, bí gbèsè bá wà. Kí olúkúlùkù wa tí ó jẹ, tí ó mu, tí ó sì jó, bi ara rẹ̀ léèrè pé: ǹjẹ́ mo wo ojú onílé?

Kí Màríà Mímọ́, ẹni tí ó rí àìní àwọn ará Kánà kí wọ́n tó ké, bẹ Ọmọ rẹ̀ fún ilé gbogbo wa. Àmín.