Ẹ Má Gbé "Ó" Ilé Wa Lọ sí Belgrade

Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra àtilọ kàwé ní Sẹ́bíà, ẹ fetí sílẹ̀. "Ó ṣubú" tiwa, ì báà ṣe bàbá, ì báà ṣe ìyá ló ṣubú, kò sí lọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, "pao je". Bó bá jẹ́ obìnrin, "pala je". Wọn kì í sì í sábà pe "òun" síta. Ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ló ń sọ ẹni tó ṣubú.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ó máa kọ́ èdè lẹ́nu ìyá onílé, ẹ ṣọ́ra. Ìyá á ti ọjà dé, á ní "Došla sam", mo ti dé. Bí ẹ bá wọlé lọ́jọ́ kejì tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ ti pe ara yín ní obìnrin. Tiyín ni "Došao sam".

Ẹ má sì jẹ́ kí ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ tàn yín. Wọ́n á sọ fún yín pé èyí tó bá parí sí "a", abo ni. Bẹ́ẹ̀ ni "žena", obìnrin. Ṣùgbọ́n "tata", bàbá, náà parí sí "a"! Ẹni tó bá ní "moja tata" ti fi bàbá rẹ̀ ṣe abo; "moj tata je došao" ló tọ́. "Sudija", adájọ́, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá ti pọ̀, "sudije su došle" ni, ìparí abo, kódà bí gbogbo wọn bá ń dá irùngbọ̀n sí. Ọ̀wọ̀ náà ní òfin tirẹ̀: ìyá kan ṣoṣo tí ẹ bá ń fi "Vi", "ẹ̀yin", bá sọ̀rọ̀, "Vi ste došli" ni, bíi pé ọkùnrin púpọ̀ ló wọlé.

Nítorí náà, ẹ má há ọ̀rọ̀ orúkọ kan sórí láìsí ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn: "moj tata", "moja žena", "moje dete", ọmọ mi. Ẹ máa pè é sókè lójoojúmọ́ títí ẹnu yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sọ pé wọ́n á ṣáà gbọ́ mi yé. Lọ́jà, wọ́n lè gbọ́ yín yé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀rí tí ẹ buwọ́ lù ní àgọ́ ọlọ́pàá, "pala je" kan ṣoṣo ti tó láti rán wọn lọ wá obìnrin tí kò sí níbẹ̀ rárá.