Pákó Onípele àti Poro: Ìperí fún Kíkan Àpótí Àwo Orin

Ìfáárà

Ìwé tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ a máa dán ìperí wò ju ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn lọ. Bí ìperí kan bá rújú nínú ìwé gírámà, òǹkàwé lè ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá rújú níbi tí a ti ń gé pákó, ayùn yóò ti kọjá kí a tó mọ̀ pé a ti ṣì í gé. Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí láti ọdún 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, sì pèsè ìperí fún ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú yẹ fún irú àbójútó bẹ́ẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ìperí díẹ̀ wò, èyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ kan àpótí àwo orin fúnra rẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Èrò wa ni pé ìperí tí ó sọ ohun tí ó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́ sàn ju èyí tí ó sọ bí nǹkan ti rí lójú lọ.

1. Àwo àti ẹrù rẹ̀

Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwo ìgbà náà a máa fọ́ bí àwo tánganran bí ó bá bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1948 ni àwo fáínìlì ńlá, tí ó ń yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, jáde ní Amẹ́ríkà. Irú àwo yìí ni ó gbé púpọ̀ nínú orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, sákárà Yusuf Ọlátúnjí àti jùjú I. K. Dáìró dé inú ilé wa. Òmíràn wà nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ tí a kò tún tẹ̀ jáde mọ́. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, orin inú rẹ̀ lè bá a lọ.

Àwo ńlá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Páálí rẹ̀ fẹ̀ tó 31.5. Àwo kan pẹ̀lú páálí rẹ̀ wúwo tó ìdá mẹ́rin kílógíráàmù kan, ó sì nípọn tó mìlímítà 3 sí 4. Nítorí náà, 90 àwo yóò wúwo tó kílógíráàmù 22. Àpótí oníyàrá méjì tí ó bá kún yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹrù tí pákó máa rù nìyí, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Pẹpẹ tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀ a máa tẹ̀. Àwo tí oòrùn bá pa, tàbí tí a fi sílẹ̀ ní ìfarati fún ìgbà pípẹ́, a máa wọ́. Pákó tí ọ̀rinrin bá mú lápá kan a máa lọ́, igun rẹ̀ kan yóò gbé sókè, èkejì yóò wà nílẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀ lè padà sípò nígbà tí a bá gbé ẹrù kúrò; ohun tí ó wọ́ ṣòro láti tún ṣe. Bí a bá ń fi ọ̀kan pe èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ìgbà tí nǹkan ṣì ní àtúnṣe.

2. Orúkọ pákó

Púláíwúùdù ni àwọn káfíńtà ń pe pákó tí a ó lò. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. A ń yí gẹdú, bí arère tàbí afárá, mọ́ ojú ọ̀bẹ gígùn. Ọ̀bẹ náà yóò bó o ní awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni bó ọsàn láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. A ó wá fi àtè lẹ awẹ́ wọ̀nyí lé ara wọn. Iṣan igi, ìyẹn àwọn ìlà tí igi ń là tẹ̀ lé bí a bá fi àáké là á, yóò wà ní òòró nínú awẹ́ kìíní, ní ìbú nínú èkejì, ní òòró nínú ẹ̀kẹta. Ìdí rẹ̀ ni pé igi a máa wú, a sì máa súnkì ní ìbú iṣan rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ kínún ni ó ń yí padà ní òòró. Nígbà tí awẹ́ bá dábùú ara wọn, ọ̀kan kò ní jẹ́ kí èkejì wú. Iye awẹ́ náà sì sábà máa ń jẹ́ 3, 5, 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iṣan ojú méjèèjì lè kọjú sí ọ̀nà kan náà.

Bí a bá pè é ní pákó àlẹ̀pọ̀, a ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n pákó tí a fi èérún igi àti àtè mọ pẹ̀lú jẹ́ àlẹ̀pọ̀. Bí a bá pè é ní pákó onípele, a ti sún mọ́ ọn, síbẹ̀ ìpele lè wà láìdábùú ara wọn. Nítorí náà ni a ṣe dábàá pákó onípele adábùúra. Ọmọdé tí ó ti rí igi tí ó wó dábùú ọ̀nà ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pákó onípele tó fún ìgékúrú.

Ẹni tí ó bá rò pé òwò igi kò gba ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ó rántí pé ìrókò, afárá, ìdígbò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni àwọn oníṣòwò gẹdú ilẹ̀ òkèèrè ń pe àwọn igi wọ̀nyí.

3. Poro

Àgbẹ̀ mọ poro: ọ̀nà tóóró tí ó jinlẹ̀ láàárín ebè. A dábàá pé kí a lo ọ̀rọ̀ yìí fún ohun méjì nínú iṣẹ́ yìí. Poro àwo ni ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gíramafóònù ń tọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà lójú àwo kan, tí ó ń yí wọlé láti etí títí dé ìtòsí àárín. Poro pákó ni ọ̀nà tí a gbẹ́ sójú pákó kan kí etí pákó mìíràn lè wọ inú rẹ̀. Ìlà kò tó, nítorí kò ní jíjìn. Ihò kò tó, nítorí kò ní gígùn. Poro ní méjèèjì, ó sì ń mú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà.

4. Ìlànà iṣẹ́

Pákó onípele tí ó nípọn tó mìlímítà 18 ni a ó lò. Mìlímítà ni gbogbo ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yìí.

(a) Ẹ gé pákó òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní 754 sí 330. Iṣan ojú pákó gbọ́dọ̀ lọ ní òòró 754, nítorí bí ó bá dábùú, pẹpẹ yóò tètè tẹ̀.

(b) Ẹ gé pákó ẹ̀gbẹ́ méjì ní gíga 340, àti pákó ààlà kan ní gíga 352. Ìbú wọn jẹ́ 330. Kí iṣan ojú wọn dúró lóòró. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ fa ìlà tí ẹ ó gé, kí ìpele òkè má baà ya.

(c) Ní 368 sí etí òsì pákó ìsàlẹ̀, ẹ gbẹ́ poro tí ó fẹ̀ tó 18, tí ó sì jìn tó 6. Ẹ ṣe bákan náà sí abẹ́ pákó òkè. Ẹ wọn ìnípọn pákó gan-an kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, nítorí ó lè dín díẹ̀ sí 18. Ẹ fi ayùn gé etí poro méjèèjì, kí ẹ sì fi irin ìgbẹ́gi ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ kó àárín rẹ̀ kúrò.

(d) Ẹ fi àtè sínú poro, kí ẹ ki pákó ààlà bọ̀ ọ́. Ẹ fi àtè àti ìṣó so ẹ̀gbẹ́ mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ tó 350, yóò sì ga tó 340.

(e) Ẹ kan pákó onípele fẹ́lẹ́, 754 sí 376, mọ́ ẹ̀yìn kí àtè tó gbẹ. Òun ni kì yóò jẹ́ kí àpótí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

(ẹ) Ẹ fi sáńpépà 120 ra ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà 220, ní ọ̀nà tí iṣan lọ. Ẹ má ṣe rà á jù, nítorí ìpele òkè kò nípọn rárá. Ẹ fi fáníìṣì kùn ún. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 220 rà á fẹ́rẹ́, kí ẹ tún un kùn. Etí pákó a máa mu fáníìṣì ju ojú rẹ̀ lọ, nítorí ẹnu iṣan là síbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan kún tirẹ̀.

(f) Ẹ má ṣe to àwo sínú rẹ̀ títí òórùn fáníìṣì yóò fi tán. Ẹ gbé àpótí lé igi méjì kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà mú un, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí oòrùn ojú fèrèsé. Ní ìdúró gangan ni kí ẹ to àwo, nǹkan bí 90 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan.

Òǹkàwé yóò ti rí i pé a kò fi ọwọ́ kan sáńpépà àti fáníìṣì. Ọjà ni a ti ń rà wọ́n, orúkọ tí ọjà mọ̀ sì tó fún wọn. Ṣùgbọ́n iṣan, ìpele àti poro jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ lóye kí ọwọ́ tó lè ṣe é.

5. Àkójọ ìperí

iṣan igi: ìlà tí igi ń là tẹ̀ lé.
ìpele: awẹ́ igi fẹ́lẹ́ kan nínú pákó.
pákó onípele (adábùúra): pákó tí a fi ìpele tí iṣan wọn dábùú ara wọn lẹ̀ pọ̀.
poro: ọ̀nà tóóró tí a gbẹ́, tí ó ní gígùn àti jíjìn.
pákó ààlà: pákó tí ó pín àpótí sí yàrá.
tẹ̀: kí ẹrù mú nǹkan rẹlẹ̀ láàárín.
wọ́: kí nǹkan má gún mọ́.
lọ́: kí igun nǹkan má dọ́gba mọ́.
yẹ̀: kí àpótí fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgúnlẹ̀

Káfíńtà tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ ni ó yẹ kí ó ṣe ìdájọ́ àwọn ìperí wọ̀nyí. Kí a ka ìlànà òkè yìí sí i létí, kí a má sì ṣàlàyé. Bí ó bá gbé pákó òkè sílẹ̀ pẹ̀lú iṣan rẹ̀ ní òòró, ìperí náà ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Bí ó bá dúró tí ó ń bèèrè, àwa ni ó kù sí lọ́wọ́ láti tún un ṣe.