Òkúta Roboto Inú Àpáta Yanrìn

Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn òkúta kan wà káàkiri lórí àpáta, tí wọ́n rí roboto bí ọta ìbọn àgbá. Òmíràn kò ju ẹ̀wà lọ, òmíràn sì tó ọsàn. Lóde wọ́n dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá là wọ́n, yanrìn ni a ó bá nínú wọn. Bí ọmọ ilé-ìwé bá bi àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ léèrè bí wọ́n ti ṣe wà, kò yẹ kí a pa á lẹ́nu mọ́, nítorí a lè tọ ipasẹ̀ wọn.

Navajo ni orúkọ àpáta náà. Ó ti tó nǹkan bí 190 mílíọ̀nù ọdún tí ẹ̀fúùfù ti kó yanrìn rẹ̀ jọ ní òkìtì òkìtì ní aṣálẹ̀. Ìpáàrà irin bo hóró yanrìn kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ni ó sì sọ àpáta náà di pupa. Nígbà tí ó pẹ́, omi abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn là á kọjá, ó yọ́ irin náà, ó sì gbé e lọ. Ìdí nìyí tí apá kan àpáta náà fi funfun lónìí. Bí omi onírin yìí ti pàdé omi tí ó ní ọ́síjìn, irin náà tún di ìpáàrà, ó sì lẹ yanrìn pọ̀ bí símẹ́ńtì. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan sọ pé òkúta ẹfun roboto ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí irin tó gba ipò rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n pé omi ni oníṣẹ́ náà, ìyẹn kò sí nínú iyàn. Àwọn òkúta wọ̀nyí sì le ju àpáta tí ó bí wọn lọ: òjò àti ẹ̀fúùfù jẹ ìyá, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀.

A lè fi irú rẹ̀ han kíláàsì láìná kọ́bọ̀. Ẹ ri ìṣó sínú yanrìn inú agolo, kí ẹ máa bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ó má ṣe kún bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ hú u jáde: yanrìn pupa yóò ti gan mọ́ ọn lára. Yangí ilẹ̀ wa pẹ̀lú, irin ni ó so ó pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú erùpẹ̀ tí òjò ti fọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni ó ti ń le.

Ní 2004, ọkọ̀ aláìlẹ́nìyàn tí a ń pè ní Opportunity rí hóró roboto onírin lórí Máàsì, ìràwọ̀ pupa nì. Ní ọdún kan náà, Marjorie Chan ti Yunifásítì Utah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọ́n wé ti Utah. Ti Máàsì kéré púpọ̀, wọn kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, irin inú wọn sì pọ̀ jù. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà pé omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó mọ àwọn náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí ó gbẹ táútáú lónìí yìí ti rin fún omi rí.