Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Sí Àwa Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Karu

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹlòmíràn la sì sábà máa ń pa á fún. Lónìí, mo fẹ́ ká pa á fún ara wa, àwa tá a máa ń kóra jọ síwájú tẹlifíṣàn ní Karu Site, ní Jikwoyi, ní Nyanya àti Kurudu lọ́jọ́ Sátidé. Ọjà kan wà tí à ń ná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú ọjà ọ̀hún tí orí wọn ti wọ́.

Iye owó agbábọ́ọ̀lù ni ọjà tí mò ń wí. Ẹ yà sí ibi ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí lẹ́bàá títì Nyanya sí Karshi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ní Bukayo Saka tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, òmíràn á ní kò jọ ọ́ rárá. Ẹni tó ń wa Kẹ̀kẹ́ Napep, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Federal Secretariat dé, gbogbo wọn ló mọ iye tí Arsenal fi ra tibí àti iye tí Chelsea fẹ́ ta tọ̀hún. N kò bá wọn wí. Àríyànjiyàn náà dùn, ó sì ń la ọpọlọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri ibi ìwòran yẹn gan-an, lórí pápá eléruku, àwọn ọmọ ọdún 12 àti 13 ń gbá bọ́ọ̀lù, a ò sì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iye owó yẹn. Ọ̀pọ̀ iye tá a fi ń ta kò ara wa wá láti ọ̀dọ̀ Transfermarkt, ìkànnì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2000. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bíi tiwa ló ń jiyàn lé e lórí: wọ́n á wo ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù kan, iye ọdún tó kù nínú àdéhùn rẹ̀, líìgì tó wà àti bó ṣe ń gbá a lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n á wá díye lé e. Ẹnikẹ́ni kò tíì ka owó kankan sílẹ̀. Ẹ wo Kylian Mbappé, tí iye tí wọ́n ń pè é wà lára èyí tó ga jù láyé. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí ní Paris Saint-Germain lọ́dún 2024, Real Madrid gbà á láìsan kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀. Ní Ítálì, lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àjọ bọ́ọ̀lù wọn gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń bu owó lé iye agbábọ́ọ̀lù. Juventus àti Napoli wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ náà dá wọn láre, ó ní kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó tí a fi lè sọ pé iye báyìí gan-an ni agbábọ́ọ̀lù kan tó. (Lóòótọ́, wọ́n tún ẹjọ́ Juventus gbé lọ́dún tó tẹ̀ lé e nígbà tí ẹ̀rí mìíràn jáde, wọ́n sì yọ máàkì lára wọn.) Bí àwọn adájọ́ bọ́ọ̀lù fúnra wọn kò bá rí òṣùwọ̀n, kí ló wá dé tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ yan odì ní Karu nítorí mílíọ̀nù márùn-ún tí kò kan ẹnì kankan nínú wọn?

Ìgbà ara là ń búra, ẹnì kan kì í búra Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Victor Osimhen, ọmọ Olusosun l'Ékòó, tó ta omi inú ọ̀rá láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù pé iye agbábọ́ọ̀lù máa ń yí pa dà. Ní Chile lọ́dún 2015, gólì 10 ló gbá wọlé nínú ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, Nàìjíríà sì gbé ife náà. Wolfsburg ní Jámánì mú un lóṣù kìíní ọdún 2017. Kò gbá gólì kan ṣoṣo wọlé ní Bundesliga. Ó fara pa, ibà tún dá a gúnlẹ̀. Lọ́dún 2018, ó lọ dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ Zulte Waregem àti Club Brugge ní Belgium, àwọn méjèèjì ló sì ní àwọn kò fẹ́. Charleroi, lórílẹ̀-èdè kan náà, ló yá a lọ́wọ́ Wolfsburg, ibẹ̀ ló ti gbá gólì 20 wọlé. Lille rà á lọ́dún 2019. Lọ́dún 2020, Napoli rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 yúrò. Lọ́dún 2023, ó bá wọn gba líìgì Ítálì pẹ̀lú gólì 26, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó pegedé jù lọ́dún náà. Galatasaray san mílíọ̀nù 75 lé e lórí lọ́dún 2025.

Ọdún méjì péré ló wà láàárín ìgbà tí ẹgbẹ́ méjì ní àwọn kò fẹ́ ẹ àti ìgbà tí Napoli kówó rẹpẹtẹ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí bàbá tó ti sọ fún ọmọ ọdún 14 pé bọ́ọ̀lù kò gbà fún un, kó sì dé etí ẹ̀gbọ́n tó ti ń ka owó lórí ọmọ ọdún 11 nítorí pé ó ré ènìyàn mẹ́ta kọjá. Ẹ̀yin méjèèjì ló ń kánjú.

Orílẹ̀-èdè wa lápapọ̀ ń jìyà ìkánjú yẹn. Nàìjíríà ti gba ife àwọn ọmọ ọdún 17 yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún, lọ́dún 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nínú ife àgbáyé ti àwọn àgbà ńkọ́? A kò tíì kọjá ìpele ẹgbẹ́ 16 rí. Ẹyin ní í di àkùkọ, àmọ́ púpọ̀ nínú tiwa ló ń fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan tó ń gbà fọ́ ni mo fẹ́ sọ dáadáa, nítorí ó wà níkàáwọ́ wa. Òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà láti ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15 ní ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Láti 16 lọ sókè, ìdá 0.5 ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn iye owó. Ká ní wọ́n ta ọmọ Jikwoyi kan ní mílíọ̀nù 10 yúrò, tí ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀ sì tọ́ ọ fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti 12 sí 15. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yúrò ni ti ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá tún un tà, wọn á tún san. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, FIFA Clearing House ní Paris ló ń gba owó yìí tó sì ń pín in. Ìwé ni wọ́n ń wò: wọ́n á to gbogbo ibi tí wọ́n ti forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ jọ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù, tí àjọ kò sì mọ ọmọ náà mọ́ ọn, kò ní ìpín kankan níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé kóòṣì ibẹ̀ ló ra bàtà àkọ́kọ́ tọ́mọ náà wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí le ní Karu ju ibòmíràn lọ, nítorí ààlà gba àárín wa kọjá. Karu wa tó wà lábẹ́ Abuja yàtọ̀ sí Karu tó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Nasarawa. Ọmọ lè máa sùn ní Mararaba, kó máa lọ ilé ìwé ní Nyanya, kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù ní Karu Site. Ọ̀dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù FCT ni ẹgbẹ́ tó wà níbí ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ti Nasarawa sì ni èyí tó wà ní Mararaba ń lọ. Ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì, bí ẹnì kankan kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí níbì kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kí kóòṣì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ní ni ìwé kan, irú èyí táwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní sixty leaves. Kó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọmọ kan: orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù òbí àti ìtọ́wọ́bọ̀wé rẹ̀, ọjọ́ tọ́mọ náà dé, ilé ìwé tó ń lọ, ìdíje tó ti gbá, ọjọ́ tó kúrò àti ibi tó lọ. Kó máa lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn lọ́dọọdún. Ìwé yìí nìkan kò lè gbowó wá, àjọ bọ́ọ̀lù ló ni ìforúkọsílẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àjọ bá béèrè, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kóòṣì máa gbé síwájú wọn.

Kí ọjọ́ ìbí tó bá kọ síbẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́dún 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu. Láti ọdún 2009, tí ìdíje náà wáyé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́. Egungun ọmọdé ní ibi tó ti ń gùn sí i. Bí ibẹ̀ bá ti dì pa, àwòrán á fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti kọjá 17. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ ọdún 15 tòótọ́ tí kò ráyè wọlé, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọdún 19 ti fi irọ́ jókòó sáàyè rẹ̀. Ẹ gba ìwé ìbí ọmọ yín lọ́dọ̀ National Population Commission nígbà tó ṣì kéré.

Bí ẹnì kan bá sì wá pé òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, pé kẹ́ ẹ mówó wá, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn. FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀, bíi kí òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni Osimhen pé 18. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Wolfsburg mú un. Láti ọdún 2023, aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yege ìdánwò FIFA kó tó gba ìwé àṣẹ. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ pápá wa kò ní di Osimhen, òbí tó bá sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un láìfi dùn ún. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, akọni IICC Shooting Stars Ìbàdàn, kàwé ẹ̀rọ ní Pọ́lì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Wásinmi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti ń rìn pọ̀. FosLa Academy ní Karshi, lójú títì wa yìí kan náà, tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ademola Lookman, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, ẹgbẹ́ àdúgbò ló wà títí tó fi pé ọmọ ọdún 16, kò sì fi ìdánwò girama rẹ̀ ṣeré. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, gólì mẹ́ta ló gbá wọlé Bayer Leverkusen tí Atalanta, ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fi gba ife Europa League.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi yà sí pápá tó wà ládùúgbò yín. Ẹ bi kóòṣì bóyá ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù FCT. Bí kò bá sí, kí ẹ̀yin bíi mẹ́wàá dáwó jọ, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e lọ forúkọ sílẹ̀. Kí lọ́yà tó wà láàárín yín máa bá wọn ka ìwé àdéhùn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ kóòṣì bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó rọ́, kí tíṣà sì máa béèrè èsì ìdánwò wọn ní òpin táàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kan tún fi ọdún mẹ́rin gbá bọ́ọ̀lù ní Karu láìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹnikẹ́ni.