Ẹ̀kọ́ Lórí Ohun Èlò: Bí A Ṣe Lè So Lapdock Mọ́ Kọ̀ǹpútà Mìíràn

Ní ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Motorola ti Amẹ́ríkà gbé fóònù Atrix jáde, pẹ̀lú ohun èlò kan tí a ń pè ní Lapdock. Ẹni tí ó bá wò ó lókèèrè yóò rò pé kọ̀ǹpútà alágbèéká ni. Ó ní ojú àwòrán tí ó jẹ́ ínǹṣì 11.6 láti igun dé igun, ó ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ó sì ní bátìrì. Ṣùgbọ́n kò ní ọpọlọ. Fóònù tí a bá kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń ronú fún un. Ní ọdún 2012 Motorola pa iṣẹ́ náà tì, ọ̀pọ̀ Lapdock sì di ohun tí kò rí fóònù bá ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ọdún kan náà ni Raspberry Pi jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ó ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò ní ojú àwòrán tàbí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé. Ohun tí ọ̀kan ṣe aláìní ni èkejì ní.

Ẹnu méjì ni ó wà lẹ́yìn Lapdock: HDMI kékeré, tí ń gba àwòrán, àti USB kékeré, tí ń gbé ohun tí a tẹ̀ lọ. Akọ ni méjèèjì, nítorí náà wáyà tí a ó lò gbọ́dọ̀ ní ẹnu abo. Kí wáyà HDMI náà pé pérépéré, nítorí Lapdock kì í jí bí kò bá mọ̀ pé a ti so nǹkan mọ́ òun.

Níhìn-ín ni ewu wà. Kọ̀ǹpútà ni ó máa ń fi USB fún bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ní iná. Ṣùgbọ́n Lapdock ń fi iná bátìrì rẹ̀ ránṣẹ́ síta, kí fóònù lè gba agbára. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan náà. Bí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ so mọ́ ọn bá ní iná tirẹ̀, kí a gé okùn pupa inú wáyà USB náà, èyí tí ń gbé iná. Kí a má ṣe fọwọ́ kan dúdú, tí iná ń gbà padà, tàbí funfun àti àwọ̀ ewé, tí ń jíṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ Raspberry Pi tí kò ní iná mìíràn ni, kí a darí pupa àti dúdú sí ihò iná rẹ̀, kí funfun, àwọ̀ ewé àti dúdú sì lọ sí ihò USB rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó sọ ohun èlò nù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ó kú nínú rẹ̀ àti ibi tí ó ṣì yè.

Ìbéèrè: (1) Kí ni Lapdock kò ní? (2) Kí ni ìdí tí a fi ń gé okùn pupa?